Máṣíìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sẹ́víìsì dé, wàhálà tún bẹ̀rẹ̀? Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjíìnì o

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí máṣíìnì bá ti gba sẹ́víìsì ńlá, ìsinmi dé nìyẹn. Wọ́n yí ọ́ìlì, wọ́n fọ kábúrétọ̀, wọ́n ṣe tápẹ́ẹ̀tì, ṣéènì tuntun, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, bíréèkì ṣúù tuntun, owó gidi ti jáde lápò, ẹ gbé e délé tayọ̀tayọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ló wá ń ṣe ohun tí ò ṣe rí. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀. Tàbí ó ń yìnbọn nínú sàlẹ́ńsà, tàbí ẹ ta kíìkì títí ẹsẹ̀ fi ń ro yín. Ẹ padà lọ bá mẹ́káníìkì, ó mi orí, ó ní "Ẹ́ńjíìnì yìí ti ń lọ o, àfi ká tú u." Owó kejì yìí ló máa ń dunni ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí lọ́pọ̀ ìgbà kò yẹ kó wáyé rárá.

Bíìkì dìsípáàṣì ni mò ń bójú tó ní apá Yábà níbí, ohun tí mo sì máa ń sọ fún àwọn tó ń gùn ún ò pọ̀: nǹkan tí ò ṣe máṣíìnì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, tó wá ń ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ kàn án tán, ibi tí ọwọ́ dé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ọ̀tì tí wọn ò fún dáadáa, rọ́bà tí kò wọlé tán, wáyà tí wọ́n yọ tí wọ́n gbàgbé. Ríìngì, ìyẹn òrùka ara písítìn nínú ẹ́ńjíìnì, kì í ṣàdédé kú lóru ọjọ́ tí wọ́n ṣe sẹ́víìsì.

Ọ̀rọ̀ owó ná

Boxer àti TVS, Íńdíà ni wọ́n ti ń wá, Haojue láti Ṣáínà, òkèèrè náà ni sípéà wọn ti ń wọlé, torí ẹ̀ látìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó sípéà ò jókòó sójú kan mọ́. Tí mẹ́káníìkì bá wá dá iye tó ju ti ọdún tó kọjá lọ, ìyẹn nìkan ò tó kẹ́ ẹ pè é lólè. Èyí tẹ́ ẹ máa kọ̀ ni iye kan ṣoṣo lápapọ̀, "ẹ ṣáà mú báyìí wá, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀." Rárá o. Kó ya owó sípéà sọ́tọ̀, kó ya wọ́kìmánṣíìpù sọ́tọ̀, kó dárúkọ sípéà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i lórí WhatsApp kóun náà fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ìjà bá dé lẹ máa mọ̀ pé ìwé kékeré yẹn níyì.

Tí sípéà bá pọ̀, ẹ lọ rà á fúnra yín. ASPAMDA tó wà ní Trade Fair, lójú ọ̀nà Badagry, ọjà sípéà gidi ni, ẹ lè béèrè ní ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́ta kẹ́ ẹ tó mú owó jáde. Ládípọ̀ ní Muṣin, sípéà mọ́tò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ plọ́ọ̀gì kan àti kébù kan lẹ fẹ́ rà, ẹ má wulẹ̀ wọ Trade Fair torí ẹ̀, owó ọkọ̀ àti gòsìlóò á jẹ gbogbo èrè yẹn tán. Ẹ rà á ládùúgbò.

Àlòkù tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ẹ̀. Bó bá ní òun ti sọ ọ́ nù, ẹ bi í pé orí ààtàn wo. Kì í ṣe pé ẹ máa tún un lò, ṣùgbọ́n àlòkù lẹ̀rí pé tuntun wọlé, ó sì tún máa sọ fún yín bóyá ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ rárá. Fítà afẹ́fẹ́ tó jẹ́ fóòmù ṣeé fọ̀, kẹ́ ẹ fún un gbẹ, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oníbébà ni kò ṣeé fọ̀. Ṣéènì pẹ̀lú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀, torí eyín tó ti jẹ máa ba ṣéènì tuntun jẹ́ kíákíá. Níbi bíréèkì àti táyà, ẹ má ṣahun.

Ohun kan tó wúlò ju gbogbo ìyẹn lọ: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ sọ fún un pé ẹ máa mú díẹ̀ lára wọ́kìmánṣíìpù sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ta á tutù tẹ́ ẹ sì ti gùn ún. Mẹ́káníìkì tí iṣẹ́ ẹ̀ dá a lójú ò ní bínú. Tí wọ́n bá ti gbowó tán kó tó di pé ẹ gùn ún, ọ̀rọ̀ yín ti di "Ọ̀gá, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì."

Ẹ kíyè sí èyí náà o, tó bá jẹ́ Mainland tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ wà: ọ̀kadà ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2022, wọ́n fi mẹ́rin kún un ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Muṣin, Ṣómólú, Kòṣọ́fẹ́ àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Wọ́n yọ dìsípáàṣì sílẹ̀. Àmọ́ dìsípáàṣì tí wọ́n ti tú àpótí ẹrù ẹ̀yìn ẹ̀ nítorí iṣẹ́, tí ọmọṣẹ́ wá gbé jáde láti tẹ́ẹ̀sì, ọ̀kadà ni tàsìkífóòsì máa pè é. Ẹ ní kí wọ́n de àpótí padà kí wọ́n tó jáde, tàbí kẹ́ ẹ fúnra yín gùn ún pẹ̀lú ìwé ẹ̀ lápò.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò

Bíréèkì àti táyà ẹ̀yìn lẹ máa kọ́kọ́ wò, torí ìyẹn lè pààyàn kí ọ́ìlì tó kán tán. Nọ́ọ̀tì áásù ẹ̀yìn, ṣé wọ́n fún un? Pín-ìnnì ẹ̀ ńkọ́, irin tíńrín tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, ṣé ó wà níbẹ̀? Ẹ gbé táyà sókè kẹ́ ẹ yí i pẹ̀lú ọwọ́, kó yí wẹ́rẹ́. Tó bá ń fà, tàbí tẹ́ ẹ gùn ún díẹ̀ tí họ́ọ̀bù gbóná kọjá ààlà, bíréèkì ń dì í mú, wọ́n ti fún un jù. Ṣéènì, ẹ fi ìka gbé e sókè sódò láàárín, bíi mìlímítà 20 sí 30 ni ọ̀pọ̀ máṣíìnì ń fẹ́. Ẹ wò ó níbi tó ti le jù bẹ́ ẹ ṣe ń yí táyà. Ṣéènì tó le pátápátá tí mẹ́káníìkì ń fi yangàn pé "ó ti dúró", bíárìn gíà ló ń pa.

Ọ́ìlì tó ń kán. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni pé gáásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjíìnì ni kẹ́ ẹ tó mọ ojúhò tó ti ń jáde. Ẹ nu gbogbo abẹ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ wọ́n àtíkè sí i lára, àtíkè ọmọdé yìí náà, ẹ gùn ún yípo àdúgbò kẹ́ ẹ padà wá wò ó. Ibi tí àtíkè bá ti tutù ló ti ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì nù ni, wáṣà àtijọ́ ni wọ́n dá padà, tàbí ọmọṣẹ́ fi sípánà gígùn fún un títí tẹ̀ẹ́dì inú ẹ̀ fi yọ́. Wáṣà tuntun ò wọ́n. Tẹ̀ẹ́dì tó yọ́, ilé iṣẹ́ léètì ló ń ṣe ìyẹn, wọ́n á fi tuntun sí i, ẹni tó fún un jù ló sì yẹ kó sanwó ẹ̀. Kó má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fún yín o, ọjọ́ tó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjíìnì á gbẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó náà, kí máṣíìnì dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lára ẹ́ńjíìnì CG125 ti Honda àti àwọn tí Ṣáínà ṣe bíi tiẹ̀, ẹ máa nu igi ọ́ìlì, ẹ tì í bọ ihò láì yí i, kẹ́ ẹ tó kà á. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù ò dáa, ó máa ń gba rọ́bà afẹ́fẹ́ lọ sínú fítà, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n á ní ríìngì ni.

Ẹ́ńjíìnì ń ké ṣùgbọ́n máṣíìnì ò sáré, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gun afárá pẹ̀lú ẹrù: kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Kí wọ́n tó ta kílọ́ọ̀ṣì pléètì fún yín, ẹ wo kébù bóyá wọ́n fà á le jù, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní ìdẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n pé ọ́ìlì wo ni wọ́n dà sí i. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì náà ni kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì wà, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan sì wà tí wọ́n fi nǹkan tó ń yọ̀ sí nínú kí mọ́tò má bàa jẹ epo, ìyẹn gan-an ló ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Ẹ wá àmì JASO MA lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù.

Kábúrétọ̀ ni èmi máa ń fura sí jù. Tí epo bá ń ṣàn látinú rọ́bà ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ ti epo pa kíákíá, ìdọ̀tí ló há sẹ́nu abẹ́rẹ́ fúlóòtù, ẹ fi ìdí sìkúrúdíráfà gbá ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lè bọ́. Tó bá ń yìnbọn tẹ́ ẹ bá jáwọ́ níná, tàbí tó ń sáré fúnra ẹ̀ tó tún ń rọlẹ̀, ẹ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjíìnì, ẹ tún wo nọ́ọ̀tì sàlẹ́ńsà, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé. Kí máṣíìnì máa ṣiṣẹ́ ní sílóò, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí rọ́bà yẹn. Tí ìró ẹ̀ bá yí padà, ẹ ti mú olè. Omi ni mo wí o. Mo ti rí àwọn tó ń fi epo ṣe é, iná ò mọ ẹni tó ni máṣíìnì. Tó bá jẹ́ èéfín dúdú ló ń tú, ẹ wò ó bóyá ṣóòkù ló há sókè.

Tápẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́, ìyẹn àyè kékeré tó wà láàárín fáàfù àti irin tó ń tì í? Ẹ́ńjíìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí wọ́n tó ṣe é, lára CG125 mìlímítà 0.08 ni àyè tó ń fẹ́, Boxer ní tiẹ̀, ẹ wo ìwé ẹ̀. Àmọ́ èèyàn ń dúró, oòrùn ń pa gbogbo wa, wọ́n á ṣe é ní gbígbóná, wọ́n á fọwọ́ mì í, wọ́n á ní ó ti dáa. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ dẹ̀ jù, á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ìyẹn ò tíì burú tó èyí tí wọ́n fún pa kó má bàa dún: máṣíìnì á ta láàárọ̀, tó bá ti gbóná á kú ní gòsìlóò Ojúẹlẹ́gbà, kò ní fẹ́ ta mọ́ títí á fi tutù, tó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, fáàfù á jó. Tí tiyín bá ń ṣe báyìí, ẹ fi máṣíìnì sun ṣọ́ọ̀bù wọn, kí wọ́n fi géèjì tún un ṣe láàárọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó ta á.

Tí iná ò bá tàn tàbí tí sítátà ń ṣe tẹ́-tẹ́-tẹ́, ẹ fún orí bátìrì, ẹ wo fíùsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà púpọ̀.

Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀ ru mẹ́káníìkì o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ò kéré. Nígbà òjò, omi máa ń wọnú epo. Síkúrúù kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, ẹ tú u sínú ìgò funfun kẹ́ ẹ jẹ́ kó jókòó, tí omi bá wà, ìsàlẹ̀ ló máa wà, ẹ máa rí i ketekete.

Bẹ́ ẹ ṣe máa padà lọ bá a

Ẹ má lọ pẹ̀lú "ẹ ti ba máṣíìnì mi jẹ́," ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe, ìgbà tó ń ṣe é, ní tútù tàbí ní gbígbóná, ẹ gba fídíò ìró ẹ̀ sórí fóònù torí ó lè má dún níwájú wọn. Ẹ ní: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àtàná tẹ́ ẹ ti ṣe é ló ti ń kú tó bá gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún tápẹ́ẹ̀tì yẹn wò ná, ká tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjíìnì."

Tó bá ṣì tẹnu mọ́ ọn pé ríìngì ni, ẹ ní kó yọ plọ́ọ̀gì, kó da ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì bíi ṣíbí tíì kan sínú ihò ẹ̀, kó ta kíìkì díẹ̀ kó tàn án ká, kó dá plọ́ọ̀gì padà kẹ́ ẹ tún ta á. Tí kíìkì bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an, ríìngì tàbí sílíńdà ti jẹ lóòótọ́, mẹ́káníìkì ò purọ́. Tí kò bá yàtọ̀, fáàfù ni kó lọ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ṣe ríìngì tuntun nínú sẹ́víìsì yẹn, èéfín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́, ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á lára ló ń jó. Ẹ má gbé ẹrù wúwo, ẹ tún ọ́ìlì yí láàárín kìlómítà 500 àkọ́kọ́.

Tó bá kọ̀ pátápátá, alága ẹgbẹ́ wọn ládùúgbò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, wọ́n máa ń dá ẹjọ́ náà wàràwàrà. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó wà láti 1999, wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọ́n á pè é kẹ́ ẹ jọ jókòó. Tówó bá tóbi tó sì kọ̀ láti san, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké wà láti 2018 fún gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, ẹ kó rìsíìtì, ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn àti àlòkù dání.