Àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí ohùn kánsù dún lórí ìwé àṣẹ àyíká fún ilé iṣẹ́

Èyí tó burú jù ni kí kánsù jókòó máa retí èéfín. Tí àwọn ará àdúgbò bá ti ń wúkọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwé àṣẹ, ó ti di pé kí wọ́n wá ti ilé iṣẹ́ pa, ìyẹn kì í sì yá. Ẹ wo Ògijo ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù: ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù níbẹ̀ kí ìjọba tó ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa lọ́dún 2025. Ìpalára tí òjé bá sì ti ṣe fún ọpọlọ ọmọdé, títì ìlẹ̀kùn kò lè tún un ṣe.

Ìjọba àpapọ̀ l'Abuja ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí EIA, ìyẹn ìwé àṣẹ àyíká tó ń tẹ̀lé ìwádìí nípa ohun tí ilé iṣẹ́ máa ṣe sí àyíká, kì í ṣe kánsù. Síbẹ̀, òfin EIA ti ọdún 1992 ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó pinnu. Wọ́n máa ń pàtẹ àbọ̀ ìwádìí fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ìwé náà nípọn bíi Bíbélì, òyìnbó onísáyẹ́ǹsì ló kún inú rẹ̀. Ẹnì kan á gbé e sórí tábìlì, ẹlòmíì á gbé fáìlì lé e, ọjọ́ á pé. Ẹ kọ déètì sí i lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí ẹ sì ní kí àwọn wolé-wolé àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ má kọ “a ò fẹ́” lásán. Kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn sí. Ẹ kọ ohun tí àlejò kò lè mọ̀: odò tí wọ́n ń pọn, ilé ìwé tó wà nítòsí, ibi tí àwọn ìyá wa ń sá láfún. Lásìkò ọyẹ́, atẹ́gùn ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Lásìkò òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá. Ilé ta ni yóò gbé èéfín náà lọ bá? Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n wọn afẹ́fẹ́ àti omi, ẹ ní kí wọ́n padà wá lásìkò òjò.

Ìpàdé tún wà tó máa ń di ọjà: ẹ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ fún wa, ẹ gba ọmọ wa síṣẹ́. Kànga dẹ̀rọ kẹ̀, nínú ilẹ̀ tí a kò tíì mọ ibi tí wọ́n máa da omi ẹ̀gbin sí! Ẹ bèèrè ibi tí omi náà ń lọ ná.

Kí baálẹ̀ nìkan má fọwọ́ síwèé nítorí gbogbo ìlú. Rìsíìtì owó orí ilé tí kánsù já fún ilé iṣẹ́ kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ àyíká, bí wọ́n tilẹ̀ fi há ògiri ọ́fíìsì wọn.

Tí ìwé ẹ̀rí bá wá jáde, ẹ gba ẹ̀dà àwọn àdéhùn tó wà nínú rẹ̀ sínú fáìlì kánsù. Ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, ẹ kọ̀wé sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí pípa òfin àyíká mọ́, àti iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ Ògùn l'Abẹ́òkúta, kí ẹ sì tọ́ka sí àdéhùn tí wọ́n yẹ̀ gan-an.