Bí A Ṣe Ń De Spacer àti Adapter Mọ́ Mọ́tò Láìfẹ̀mí Wewu

Corolla lẹ ń wà, rímù Camry ló wù yín. Ẹ dé Apo Mechanic Village, ẹni tó ń tà á ní kò sí wàhálà, adapter wà tó máa jẹ́ kó wọlé. Òótọ́ ló sọ. Corolla 2003 sí 2008 ní ihò márùn-ún lórí òbìrìkìtì 100 mm, ti Camry jẹ́ 114.3 mm; adapter, ìyẹn irin róbótó tí wọ́n ń dè sáàárín mọ́tò àti rímù, ni alárinà wọn. Irin bẹ́ẹ̀ náà ni spacer, àmọ́ kì í yí ihò padà ní tiẹ̀, ńṣe ló kàn ń ti táyà síta kó má bàa máa ha ṣọ́kù, tàbí kó lè kún abẹ́ féńdà.

Tó bá jẹ́ torí fáàrí nìkan ni, lójú tèmi, ẹ fi owó adapter kún owó rímù, kẹ́ ẹ ra èyí tó bá mọ́tò yín mu. Tẹ́ ẹ bá sì ti pinnu, ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é.

Ẹ wọn nǹkan kẹ́ ẹ tó sanwó. Gbogbo èèyàn ló ń ka ihò bóòtù, ihò ńlá àárín ni wọ́n ń gbójú fò. Orí họ́ọ̀bù Corolla yẹn, ìyẹn irin ara mọ́tò tí wọ́n ń de rímù mọ́, jẹ́ 54.1 mm, ti Camry 60.1 mm. Adapter tó dáa á gbá họ́ọ̀bù mú pinpin lẹ́yìn, á sì ní ètè tó yọ síwájú tí rímù máa jókòó lé. Tí kò bá ní ètè yẹn, bóòtù nìkan ló ń wá àárín fún rímù. Ẹ máa dé márosẹ̀ Kubwa, ẹ tẹná díẹ̀, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe balancing. Balancing ò lè wo ìyẹn sàn.

Spacer pẹlẹbẹ tí kò ní bóòtù tiẹ̀, bíi 3 mm tàbí 5 mm, ara bóòtù mọ́tò ló ń jẹ. Ẹ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ máa kà á. Bóòtù Toyota àti Honda wọ̀nyí nípọn tó 12 mm, àlàfo láàárín tíréèdì rẹ̀ sì jẹ́ 1.5 mm, nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ yí tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó dì í mú dáadáa. Tó bá yí ẹ̀ẹ̀mẹrin tó dúró, ẹ yọ spacer yẹn dànù. Ẹ má sì to méjì léra wọn láé.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, jáàkì nìkan ò tó, ẹ fi stand tì í. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú họ́ọ̀bù títí ìpẹtà àti eruku ọyẹ́ á fi tán. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré o, torí kì í ṣe bóòtù ló ń ru táyà gan-an, bí irin ṣe fẹ́nu ko irin, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra pinpin ni. Ìpẹtà tó bá ṣẹ́kù láàárín máa rún bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, nọ́ọ̀tì tẹ́ni kankan ò fọwọ́ kàn á sì dẹ̀. Ẹ má fi gíríìsì sí bóòtù.

Ẹ fọwọ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo nọ́ọ̀tì adapter, kẹ́ ẹ wá máa dè é ní ọ̀kánkán ara wọn, ẹ má dè é tẹ̀ léra. Torque wrench ni kẹ́ ẹ fi parí rẹ̀, ìyẹn sípánà tó máa ń dún kọ̀ọ́ nígbà tó bá le tó. 103 Nm ni fún ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry. Ẹ wá fi irin tó gún dọ́gba dábùú ojú adapter. Tí bóòtù mọ́tò bá yọ sókè, rímù ò ní jókòó, àfi tó bá ní kòtò lẹ́yìn tí bóòtù máa wọ̀. Àwọn kan máa ń gé bóòtù. Èmi ò ní gé e, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yọ adapter, bóòtù kúkúrú ló máa kù sí yín lọ́wọ́.

Ẹ wo ẹnu nọ́ọ̀tì rímù pẹ̀lú. Nọ́ọ̀tì rímù Toyota fúnra rẹ̀ ní wáṣà pẹlẹbẹ, ọ̀pọ̀ rímù ọjà sì ń fẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Wọn kì í pààrọ̀ ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó èèyàn sẹ́yìn mọ́tò, kẹ́ ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá táyà ń ha féńdà.

Kẹ́ ẹ tó rin 100 km, ẹ tú rímù, kẹ́ ẹ tún fi torque wrench yẹ nọ́ọ̀tì adapter wò. Rímù ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Fọkanáísà tó ń fẹsẹ̀ tẹ sípánà lójú yín, ti ìta nìkan ló ń dè. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Lokoja, kẹ́ ẹ tó gbéra ni kẹ́ ẹ ṣe é. Bí spacer bá ṣe nípọn tó náà ni béárìn ṣe ń jìyà tó, torí náà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ hùùù lábẹ́ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó.

Ó tún ku táyà àfipamọ́. Ihò rẹ̀ ṣì jẹ́ 100 mm, kò ní wọ adapter. Tí táyà bá jò lọ́nà Kaduna, ẹ gbọ́dọ̀ yọ adapter ẹsẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó lè fi í sí i. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ nọ́ọ̀tì inú àti nọ́ọ̀tì márùn-ún tó bá mọ́tò wá sínú búùtù.