Bí A Ṣe Ń Gun Òkè Gran Paradiso ní Ilẹ̀ Ítálì

Gran Paradiso, tí ó ga tó mítà 4,061, ni ó ga jù nínú àwọn òkè tí gbogbo ara wọn wà nínú ilẹ̀ Ítálì, a sì máa ń kà á mọ́ èyí tí ó rọrùn jù nínú àwọn òkè Alps tí ó ju mítà 4,000 lọ. Àmọ́ òwúrọ̀ nìkan ni ó rọrùn, nítorí yìnyín tí ó le gbagidi kí ilẹ̀ tó mọ́ máa ń rọ̀ bí oòrùn bá ti mú.

Láti Pont, ní àfonífojì Valsavarenche, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn fún bíi wákàtí méjì àbọ̀ dé ilé ìsinmi Vittorio Emanuele II, tí ó wà ní nǹkan bíi mítà 2,730. Ẹ ti gba ibùsùn sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá ti Èkó tàbí London wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sun òru bíi mélòó kan ní ibi gíga, kí ara rẹ̀ lè mọ afẹ́fẹ́ òkè lára. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí èébì sì ń gbé e, sísọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ní alẹ́, ẹ bi àwọn olùtọ́jú ilé náà bí ọ̀nà ṣe rí, nítorí yìnyín ibẹ̀ ń dín kù, ọ̀nà sì ń yí padà lọ́dọọdún.

Ẹ gbéra ní bíi aago mẹ́rin òru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí. Àárín àpáta ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà títí ẹ ó fi kan yìnyín; níbẹ̀ ni ẹ ó ti de irin eléyín mọ́ bàtà. Ẹ fa okùn rẹ̀ le, kí ẹ sì ki ìdí okùn náà bọ inú, nítorí bí ó bá ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ya ẹsẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ti ń rìn, kí eyín irin má baà kọ́ ṣòkòtò.

Òjò dídì máa ń bo ojú àwọn kòtò jíjìn tí ó là sínú yìnyín. Nítorí náà ni a ṣe ń so ara wa pọ̀ mọ́ okùn kan. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ fi bíi mítà mẹ́wàá sí méjìlá sáàárín ẹnì kan sí èkejì. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ mú un gùn sí i. Okùn náà kò gbọdọ̀ rọ̀ sílẹ̀ jọwọlọ, ẹ má sì ká a mọ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ bí a ti ń fa ènìyàn jáde nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní láti gba afinimọ̀nà. Èmi kò rí ọgbọ́n mìíràn sí i.

Ẹ fi ìpara oòrùn sí ojú, abẹ́ àgbọ̀n àti etí ihò imú, nítorí yìnyín ń ta oòrùn padà láti ìsàlẹ̀. (Ẹni tí ó bá sọ pé awọ dúdú kì í jó, kò tíì débẹ̀.) Awò ojú dúdú kò ṣe é fi sílẹ̀.

Lórí téńté, àpáta tóóró tí ère Màríà wà ni èrò máa ń tò sí. Ẹ so ara yín mọ́ irin tí a kàn mọ́ àpáta, kí ẹ sì ní sùúrù. Bí aago mẹ́wàá bá lù tí ẹ kò tíì débẹ̀, ẹ padà, kí ẹ lè kúrò lórí yìnyín kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ má ṣe tú okùn títí ẹ ó fi dé orí àpáta ìsàlẹ̀.