Ọjọ́ tí ẹ ó dá fún oníbàárà

Ẹ̀yin aránṣọ Àjàṣẹ́, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà gan-an kọ́ ni kí ẹ dá fún oníbàárà. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e. Ọgbọ́n Scotty ni, ẹnjiníà inú Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966. Nínú abala kan tó tún ti yọjú lọ́dún 1992, ẹnu yà á pé ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan sọ wákàtí tí iṣẹ́ máa gbà lóòótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀! Ìdí tó fi bá wa mu ni pé àkókò tí a fi jókòó sídìí ẹ̀rọ nìkan la máa ń kà. A kì í ka iná tó lọ, bọ́tìnnì tí a ṣì ń wá ní ọjà Ouando, tàbí oníbàárà tó sọ pé ọrùn aṣọ fún òun jù. Bí agbádá bá máa gba ọjọ́ 4, ẹ sọ 6. Ẹni tó ń ṣe ọnà ọrùn, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó rò ó pọ̀. Ọjọ́ tí aṣọ àti àsansílẹ̀ bá wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ kọ ọ́ sí bébà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ kọ́ ọ mọ́ aṣọ náà. (Ọjọ́ àlékún kì í ṣe ọjọ́ oorun o.) Àmọ́ ọjọ́ àlékún kò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bá di Iléyá, torí ọjọ́ ọdún kì í yẹ̀. Iye aṣọ tí ẹ ń gbà ni kí ẹ dín kù nígbà yẹn.