Eyín Kíkan: Bí Mo Ṣe Tọ́jú Tèmi ní Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Télọ̀ ni mí ní Kàbà. Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, aṣọ ẹbí àti aṣọ ọdún a kún ṣọ́ọ̀bù débi pé mi ò ní ráyè jókòó jẹun. Nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni eyín mi bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù pé kí n fi yọ ẹnu, àfi gbì! Ó dà bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi láti eyín iwájú dé inú agbárí. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti lọ. Mo tún bu omi, ó tún gún mi.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kòkòrò ni. Kì í ṣe kòkòrò. Eyín kíkan yàtọ̀ sí eyín dídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe yín. Tó bá jẹ́ kíkan ni, ohun kan ló máa kàn án kó tó dé: omi tútù, atẹ́gùn, ọsàn, nǹkan dídùn. Tí ohun náà bá kúrò, òun náà á lọ. Àmọ́ tó bá ń ro yín lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé omi mì, tó ń jí yín lóru, tó jẹ́ pé nǹkan gbígbóná ló ń dá a sílẹ̀, tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ẹ má dúró ka tèmi tán. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Lọ́kọ́jà ni mo lọ. Dókítà tó yẹ̀ mí wò gbé dígí kékeré kan sí mi lẹ́nu, ó ní kí n wo inú dígí ńlá tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀bá eyín iwájú mi lókè ti jẹ wọnú, ó ya kòtò tóóró, bí ẹni fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní télọ̀. Ó ní, "Ibi tí ẹ ti ń fi eyín já òwú nìyẹn, mà." Ara mi bù máṣọ. Ó lé ní 20 ọdún tí mo ti ń já òwú síbẹ̀, tí mo ń fi í gbá píìnì mú, mi ò rò ó rí pé òwú lè ju eyín lọ.

Lẹ́yìn náà ló sún dígí sí apá òsì. Ní ìdí eyín mẹ́ta, níbi tí eyín ti pàdé erìgì, ojú ibẹ̀ là bí ibi tí àáké ti bẹ̀rẹ̀ sí gé ìdí igi. Búrọ́ọ̀ṣì mi ló ṣe ìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fọ eyín, apá òsì ni agbára ọwọ́ náà sì ń bọ́ sí jù. Búrọ́ọ̀ṣì tó le koko ni mo sì máa ń wá rà, torí mo gbà pé èyí tó le ló ń fọ eyín mọ́.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Ìpele òde eyín, èyí tó funfun tó ń dán, kì í mọ nǹkan kan lára. Àmọ́ abẹ́ rẹ̀ kún fún ihò tínńtín tí ojú lásán ò lè rí, omi sì wà nínú àwọn ihò náà. Tí ìpele òde bá ti jẹ, tí òtútù tàbí nǹkan kíkan kan ibẹ̀, omi yẹn á mì, á sì mi iṣan tó wà nínú eyín. Gbòǹgbò eyín ní tirẹ̀ ò ní ìpele líle yẹn rárá. Erìgì ló ń bò ó. Tí erìgì bá ti sún kúrò níbẹ̀, yálà nítorí fífọ eyín tipátipá tàbí àrùn erìgì tó ń mú un ṣẹ̀jẹ̀, gbòǹgbò wà níta nìyẹn.

Ohun kíkan náà ń ṣe tirẹ̀. Ó máa ń mú ojú eyín rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ wo àwa tá a wà lágbègbè yìí: tí kajú bá dé ní oṣù Kẹta, àárọ̀ títí dalẹ́ la fi ń fa á mu, agbálùmọ̀ sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí á jẹ wọ́n. Ohun tó burú ni kí èèyàn jẹ ẹ́ tán, kó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, torí eyín tó rọ̀ ló ń ha yẹn. Omi lásán ni kí ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ dúró tó wákàtí kan kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláboyún tó ń bì. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tí mò ń fi pa eyín kó lè funfun, mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Ohun tí mo ṣe wá nìyí. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ "soft" sí lára. Mo ń mú un bí ẹni mú bírò, ìka ni mo fi ń darí rẹ̀, mo sì ń yí i roboto díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, láàárọ̀ àti kí n tó sùn. Ẹni tó fẹ́ràn pákò, kó rún orí rẹ̀ títí á fi rọ̀ bí òwú, kó máa fà á láti erìgì wá sí ẹnu eyín, kó má fi gbo ó bí ẹni ń fi ayùn ré pákó.

Ọṣẹ ìfọyín mi náà yí padà. Sensodyne ni mo rí rà, àmọ́ kì í ṣe orúkọ ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, kí ẹ wá oògùn tó ń jẹ́ "potassium nitrate" tàbí "stannous fluoride". Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo ń tutọ́ rẹ̀ dànù ni, mi ò fi omi yọ ẹnu, kí oògùn náà lè dúró lára eyín. Lálẹ́, mo tún ń fi ìka pa díẹ̀ sójú ibi tó ń kan mí, màá sì sùn lé e. Ẹ ní sùúrù fún un. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn lò ó fún ọjọ́ márùn-ún péré, wọ́n ní irọ́ ni. Èmi ò rí ìyàtọ̀ lọ́sẹ̀ kìíní. Lọ́sẹ̀ kẹta ni mo mu omi fìríìjì láìronú, mo sì ti gbé e mì kí n tó rántí pé mo léyín tó ń kan mí.

Ibi kòtò òwú yẹn, ọṣẹ ò lè dí i. Dókítà ló fi nǹkan tó jọ àwọ̀ eyín dí i, tó sì kun àwọn ìdí eyín tó kù ní oògùn fluoride. Ẹni tó ń payín keke lójú oorun, kó sọ fún wọn; wọ́n lè ṣe nǹkan tí á máa fi bọ eyín sùn fún un.

Mo bẹ yín, ẹ má da omi bátìrì sí eyín. Ásíìdì ni, eyín gan-an ló ń jẹ. Ẹ má sì lọ oògùn oníhóró sí erìgì. Mo fi aspirin síbẹ̀ rí kí n tó lọ sí Lọ́kọ́jà. Ẹran ibẹ̀ funfun, ó sì bó, ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè jẹ ata.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ọmọ iṣẹ́ tó bá wọlé, sísọ́ọ̀sì kékeré ni mo kọ́kọ́ ń fún un, a ó fi okùn so ó kọ́ ọ lọ́rùn, kó má bàa ní òun ń wá a nígbà tí òwú bá wà lọ́wọ́.