Iṣẹ́ mezcal: láti oko maguey dé inú igbá

Mezcal ni ọtí líle Mẹ́síkò tí wọ́n ń sè láti ara maguey, ewéko tó ní ewé nípọn ẹlẹ́gùn-ún. Ní Nahuatl, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, mexcalli ni maguey tí a ti sun nínú ààrò. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Mẹ́síkò ti ń sun ún jẹ, wọ́n sì ti ń mu pulque, oje rẹ̀ tó ti kan, kí àwọn ará Sípéènì tó gbé ìkòkò bàbà dé ní ọ̀rúndún 16. Àwọn ará Philippines tó ń sè ọtí àgbọn ní etíkun Colima náà mú ọgbọ́n tiwọn wá. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ògógóró rí mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ìdajì kejì wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ Oaxaca ní Mẹ́síkò, pàápàá ní ìlú Santiago Matatlán, la fẹ́ sọ.

Ìkórè

Espadín ni irú maguey tí wọ́n ń lò jù. Ó máa ń tó ọdún 6 sí 10 kó tó gbó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni maguey ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, ṣúgà inú rẹ̀ ni yóò sì fi bọ́ òdòdó náà. Bí ọ̀pá òdòdó bá ti yọrí, ẹ gé e, kí ẹ fi maguey sílẹ̀ lóko fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá kánjú wú u yóò rí ọtí díẹ̀, tí kò ní adùn. Ẹ gé ewé mọ́ ara dáadáa, torí kùkùté ewé tútù máa ń korò. Èyí tó kù jọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é nìyẹn: piña. Ẹ là á sí méjì tàbí mẹ́rin.

Ààrò

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó mítà 3, kó jìn tó mítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dín. Ẹ to igi líle, ẹ kó òkúta lé e, kí ẹ dáná sí i títí òkúta yóò fi pọ́n, tí èéfín yóò sì tán. Ẹ da ihá tútù ti maguey àná bo òkúta kí piña má baà jó, lẹ́yìn náà ẹ to èyí tó tóbi sí àárín. Ẹní ọ̀pẹ lé e, yẹ̀pẹ̀ lé ẹní. Ibikíbi tí oru bá ti ń yọ, ẹ tún bu yẹ̀pẹ̀ dí i.

Ọjọ́ 3 sí 5 ni yóò lò. Ṣúgà maguey so pọ̀ lọ́nà tí ìwúkàrà kò lè jẹ. Ooru yìí ló ń tú u. Èyí tó jinná pọ́n bí oyin, ẹ ó sì lè jẹ ẹ́ bí ìrèké, kí ẹ tu háhá rẹ̀ dànù. Bí inú rẹ̀ bá ṣì funfun, kò ní í kan dáadáa.

Lílọ̀ àti kíkan

Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹṣin tàbí ìbaaka fa òkúta lílọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ kó oje àti ihá pọ̀ sínú àgbá igi, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kó móoru, kí ẹ tó bu omi kànga sí i. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti da kẹ́míkà sí lè pa ìwúkàrà. Nígbà ooru, ó lè tó ọjọ́ 5. Nígbà òtútù, ó lè lé ní 10. Tí ariwo híhó bá ti rọlẹ̀, tí adùn sì tán, ẹ má dúró mọ́: bó bá pẹ́, ó di ọtí kíkan, ìyẹn vinegar.

Sísè

Ẹ má bu ún sínú ìkòkò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, kí iná má sì pọ̀. Iná àpọ̀jù ń jó ihá nísàlẹ̀, òórùn àjóná yẹn kì í sì í kúrò mọ́. Ẹ ó sè é lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ ya orí ọtí, èyí tó kọ́kọ́ jáde tó ń ta sí imú, sọ́tọ̀, ẹ gba àárín, kí ẹ sì ya ìrù rẹ̀, èyí tó jáde kẹ́yìn tó rí gbọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́nu, sọ́tọ̀. Yíya orí sọ́tọ̀ nìkan kò mú methanol, irú ọtí tó jẹ́ májèlé, kúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ilé àyẹ̀wò ló ń wọ̀n ọ́n.

Láti mọ agbára rẹ̀, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á fi ẹnu fa ọtí sínú ọ̀pá esùsú, á sì tú u sínú igbá. Bí èéhó rẹ̀ bá rí roboto, tó tò yí etí igbá ká, tí kò tètè bẹ́, ó ti sún mọ́ ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin Mẹ́síkò gba 35 sí 55. Bó bá le jù, ìrù ọtí ni kí ẹ fi bù ú là; omi máa ń pa òórùn rẹ̀. Nǹkan bíi kílò 10 piña espadín ló ń di lítà kan.