Ẹ̀rọ omi tó ń kán tó, tó, tó lóru

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wa ti ń kán. Bí mo ṣe ń fi ipá tì í tó, bẹ́ẹ̀ ló ń burú sí i; àṣé èmi gan-an ni mò ń bà á jẹ́. Lánàá, mo pa omi láti ìdí táńkì, mo jẹ́ kí èyí tó kù nínú páìpù dà tán, mo wá fi sípánà tú orí rẹ̀. Wọ́ṣà, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré tó wà nísàlẹ̀, ti jẹ. Mo mú un dání lọ sọ́jà kí n lè ra ìwọ̀n rẹ̀ gan-an (ẹ má fojú díwọ̀n o!). Mo fi tuntun sí i, mo dì í padà. Kò kán mọ́.